Ọgbà Àgọ́ Àdúrà Kan ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Tí Ń Tọ́jú Rẹ̀ Láìgbowó

Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí yóò ti gbàdúrà fún ọjọ́ mélòó kan ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwara kò ní ṣàìrí ibi tí yóò lọ, nítorí àgọ́ àdúrà pọ̀ ní àdúgbò wa, láti ẹ̀yìn Ìlọrin títí dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ Ìgbómìnà. Èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín wà ní ìtòsí ọ̀nà tí ó ti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀mù-Àrán. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn kan tí mo fẹ́ fi kan àwọn alákòóso ibẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ láìsí pé ẹnikẹ́ni dójú tì wọ́n ní gbangba. Mo fi ilé àlejò wọn àti ìwàásù wọn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti sọ. Ọgbà wọn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Lójú tèmi, ọgbà náà ni ohun tí ó dára jù lọ tí àgọ́ yìí ní láti fún àlejò, àwọn tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò le. Láti Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin ni a ti ń wọ ọkọ̀ Ọ̀mù-Àrán, tí yóò gba Ganmọ àti Ìdófìàn kọjá kí ó tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí àwọn tí ń lọ sí Ọ̀fà ti ń yà. Ẹni tí ń lọ sí àgọ́ yóò máa bá ọ̀nà tààrà lọ, yóò sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé Ọ̀mù-Àrán, yóò sì gun ọ̀kadà wọlé.

Ilẹ̀ tí wọ́n fi dá ọgbà náà kì í ṣe irú ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Yangí pupa ni, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ẹ̀yìn ilé àdúrà lọ sí odò kékeré kan tí ó wà nísàlẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ fún mi pé gbogbo ilẹ̀dú tí wọ́n bá kó wá ni òjò máa ń gbá lọ sínú odò, títí wọ́n fi pinnu pé àwọn kò ní gbin ohunkóhun mọ́ kí àwọn tó dá ọ̀gbàrá dúró. Wọ́n gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdábùú ilẹ̀ náà, wọ́n to òkúta sí etí ìsàlẹ̀ kòtò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbin kóóko ọba sí ẹ̀yìn òkúta kí gbòǹgbò rẹ̀ lè di yẹ̀pẹ̀ mú. Ọgbọ́n tí ó ti yọrí sí rere níbòmíràn ni èyí. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Íńdíà, níbi tí wọ́n ti dá àwùjọ ẹ̀mí tí ń jẹ́ Auroville sílẹ̀ ní ọdún 1968, ilẹ̀ pupa tí ọ̀gbàrá ti bó láwọ ni àwọn ará ibẹ̀ bá, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ṣe ni láti fi yẹ̀pẹ̀ mọ àwọn ògiri kúkúrú tí yóò dá omi òjò dúró títí ilẹ̀ yóò fi fà á mu. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n wá gbin igi tí ó lé ní mílíọ̀nù kan, tí ibi tí ó ti jẹ́ aṣálẹ̀ fi di igbó. N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ìyá tí ó gbẹ́ kòtò ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ti gbọ́ orúkọ ìlú náà rí. Ìṣòro kan náà ni ó kọ́ wọn ní ọgbọ́n kan náà.

Ọgbà náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá ti iwájú, tí ó yí ilé àdúrà ká, ni ti òdòdó àti ewé tútù. Pèrègún ni wọ́n fi ṣe odi rẹ̀, rinrin àti ọ̀dúndún bo ilẹ̀ lábẹ́ ibòòji, igi akòko méjì sì dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ pé àwọn oníwàásù kan tí ó wá láti ìlú ńlá ti pàṣẹ nígbà kan pé kí wọ́n fa pèrègún àti akòko wọ̀nyẹn tu, nítorí pé abọ̀rìṣà ni wọ́n ń lo irú ewé bẹ́ẹ̀, àti pé ìyá tí ó jẹ́ olórí àwọn olùtọ́jú ọgbà dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run ni ó dá ewé náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ òrìṣà. Inú mi dùn pé ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Odi pèrègún tí ó ti fìdí múlẹ̀ kì í kú nínú ọ̀gbẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí irin tàbí wáyà tí ó lè gba ipò rẹ̀ ní ẹwà.

Apá kejì ni ti ewébẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọ, gbúre, ilá, ata, ìṣápá àti ewúro ni wọ́n gbìn síbẹ̀, lórí béèdì tí wọ́n fi koríko gbígbẹ bò kí oòrùn má bàa fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Wọn kò ra ajílẹ̀ inú àpò. Èérún iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́ àti ewé tí ó ṣẹ́ kù ní ilé ìdáná àgọ́ ni wọ́n ń tò ní ìpele ìpele pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ àti eérú, wọn yóò máa yí i padà lóòrèkóòrè, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí ooru rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀, nítorí ìgbẹ́ adìẹ tí kò tíì jẹrà yóò jó gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ni. Bí kòkòrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ewé lu, ewé dóńgóyárò ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń rẹ sínú omi mọ́jú, tí wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé, kí wọ́n tó fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́. Mo jẹ ẹ̀fọ́ ibẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kò ní okùn, adùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti èyí tí ó ti sùn mọ́jú nínú ọkọ̀ kí ó tó dé ọjà.

Apá kẹta, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ni ti igi. Mángòrò, ọsàn, ìbẹ́pẹ àti mòríńgà wà níbẹ̀, àmọ́ igi èmí àti igi irúgbá ni ó mú mi dúró. Ẹni tí ó bá gbin igi èmí lónìí yóò dúró fún nǹkan bí ọdún 15 sí 20 kí ó tó rí èso tí a ó fi ṣe òrí, nítorí náà àwọn ènìyàn wa kì í sábà gbìn ín, èyí tí ó bá hù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dá sí. Níhìn-ín, wọ́n ń gbìn ín. Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, Mùsùlùmí láti abúlé tí ó wà lódìkejì odò, ni ó ń bójú tó apá yìí pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin mélòó kan. Nígbà tí mo béèrè ohun tí ó mú un wá máa gbin igi sí ilẹ̀ oníṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ hádíìsì kan fún mi tí ó wà nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim, pé kò sí Mùsùlùmí tí yóò gbin igi tàbí tí yóò fún irúgbìn, tí ẹyẹ, ènìyàn tàbí ẹranko bá jẹ nínú rẹ̀, tí kò ní jẹ́ sàárà fún un. Ó ní Ànábì kò sọ orí ilẹ̀ ta ni a ó gbìn ín sí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dàgbà ní ìlú bíi tiwa, níbi tí ọmọ ìyá méjì ti lè gba mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ láti inú agbo ilé kan náà, yóò mọ̀ pé ohun tí bàbá náà wí kì í ṣe àjèjì, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi láti rí i pé igi ni ó fi sọ ọ́.

Mo ti wá dé ibi tí mo ń lọ, èyíinì ni àwọn olùyọ̀ǹda fúnra wọn. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni iṣẹ́ wọn, lẹ́yìn àdúrà àfẹ̀mọ́júmọ́, kí oòrùn tó mú. Àwọn ìyá ìjọ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn àgùnbánirọ̀ tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwé àdúgbò, àti àlejò tí ó wá gbààwẹ̀ tí ó sì fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nǹkan tún wà pẹ̀lú wọn. Mo ti rí ibi púpọ̀ tí a ti ń pe irú iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ Olúwa, tí olúkúlùkù yóò gbé àdá, tí yóò ṣán ohun tí ó bá rí, tí yóò sì lọ sílé, tí ohun tí wọ́n bàjẹ́ yóò sì pọ̀ ju ohun tí wọ́n tún ṣe lọ. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹni tuntun kì í fọwọ́ kan ọkọ́ ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ dé. Wọn yóò so ó pọ̀ mọ́ ẹni tí ó ti pẹ́, yóò tẹ̀ lé e láti béèdì dé béèdì, yóò kọ́ bí a ti ń dá ọmọ tẹ̀tẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tí ó jẹ́ èpò, àti bí koríko Akíntọ́lá ti rí nígbà tí ó ṣì kéré, kí ó tó di igbó. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún un ní ojú ilẹ̀ tirẹ̀, tí yóò máa tọ́jú láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ títí yóò fi kórè, tí yóò sì jíhìn fún un níwájú àwọn yòókù.

Ìjíhìn yìí ni ó mú kí iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ òwúrọ̀, gbogbo wọn yóò rìn yí ọgbà ká pọ̀, ẹni tí ó ni béèdì kan yóò sọ ohun tí ó ṣe sí i àti ohun tí ó ń dààmú rẹ̀, àwọn tí ó bá ti rí irú rẹ̀ rí yóò sì dá a lóhùn. Mo gbọ́ bí àgùnbánirọ̀ kan ti ń ṣàlàyé pé ìbẹ́pẹ òun ń tanná ṣùgbọ́n kò so, àti pé òun fẹ́ gé e. Ìyá tí ó jẹ́ olórí wọn rọra gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, má tíì gé e. Wo òdòdó rẹ̀ ná. Akọ ni, òun ni ó ń jẹ́ kí abo tó wà lẹ́yìn ẹ so." Ọmọkùnrin náà wò ó dáadáa, ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Wọn kò kọ́ wa báyìí nílé ìwé." Ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ń sanwó fún níbòmíràn ni wọ́n ń kọ́ ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́ níbí, láìsí ariwo, láìsí ìwé ẹ̀rí.

Ohun mìíràn tí mo yìn wọ́n fún ni òtítọ́ inú nípa ewé tí wọ́n ń tà. Ní ẹnu ọ̀nà, àlejò lè ra ẹ̀fọ́, efinrin, ewúro, kóóko ọba gbígbẹ àti ọmọ igi tí wọ́n ti hù sínú ọ̀rá, owó wọn kò sì wọ́n ju ti ọjà lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi pé ewé kan ń wo àrùn ọgọ́rùn-ún. Obìnrin kan tí ó béèrè èyí tí ó lè fi dípò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ni ìyá tí ń ta ewé náà sọ fún pé kí ó má fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀, pé ọbẹ̀ ni òun ń ta ewúro fún. Ní ibi tí àwọn ènìyàn ń wá pẹ̀lú ìpayà àti ìrètí lọ́kàn, irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, mo sì bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Ọmọ igi wọn náà dára. Mángòrò tí wọ́n so ẹ̀ka igi àtàtà mọ́ ìdí rẹ̀ ni kí ẹ béèrè fún, nítorí èyí yóò so láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Àmọ́ ẹ yẹ ojú ìsopọ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó, nítorí nínú àwọn tí wọ́n gbé jáde fún mi, ọ̀kan kò tíì lẹ̀ mọ́ra dáadáa.

Ẹ̀sùn mi rèé. Iṣẹ́ tí ènìyàn yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ní ohun tí ó tọ́ sí i, ẹni tí ó sì gbà á ni gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn alákòóso àgọ́ yìí ń gba iṣẹ́ náà, wọ́n ń ya àwòrán ọgbà sórí ìwé ìpolongo wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tíì san gbèsè yìí. Òjò ọdún kan ní agbègbè wa tó nǹkan bí 1,200 mílímítà, oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni ó sì ń rọ̀ jù, lẹ́yìn èyí ọyẹ́ yóò dé, ilẹ̀ yóò sì le. Kànga tí ó wà nínú ọgbà ti ń gbẹ kí oṣù kìíní tó parí. Kànga ẹ̀rọ wà ní ẹ̀yìn ilé àlejò, àmọ́ wọ́n ti í pa nítorí omi ìwẹ̀ àwọn àlejò, àwọn ìyá tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún sì ń ru omi gun òkè láti odò. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó kún ibẹ̀ ní àkókò òjò kì í sí mọ́ nígbà náà. Ní sáà kan náà, mo rí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun nínú ilé àdúrà. N kò sọ pé kí wọ́n má rà á. Ohun tí mo sọ ni pé òrùlé ilé àdúrà náà ga, ó fẹ̀, omi òjò tí ń ṣàn láti orí rẹ̀ sì ń lọ lásán. Bí òrùlé kan bá fẹ̀ tó 400 mítà onígun mẹ́rin, mílímítà kan péré tí ó bá rọ̀ sórí rẹ̀ jẹ́ 400 lítà omi. Ẹ wo iye tí òjò ńlá alẹ́ kan yóò jẹ́. Páànù tí a tẹ̀ sí etí òrùlé, paìpù àti táǹkì mélòó kan ni ó kù, ọgbà náà sì wà nísàlẹ̀ ilé àdúrà, tí omi yóò fi máa wá fúnra rẹ̀ láìlo iná mànàmáná.

Irinṣẹ́ náà kò tó. Àwọn olùyọ̀ǹda ń dúró de ara wọn kí wọ́n tó rí ọkọ́ lò, kò sì sí bárò kankan tí táyà rẹ̀ dára. Wọn kò ní àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́. Nígbà tí àdá bu ọmọkùnrin kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kadà ni ó fi gbé ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, owó ara rẹ̀ ni ó sì san. Èyí bà mí nínú jẹ́ ju ọ̀rọ̀ omi lọ.

Èyí tí ó léwu jù ni ti oògùn apakoríko. Ẹnì kan nínú àwọn alákòóso háyà ọkùnrin kan pé kí ó fọ́n oògùn sí etí ọgbà kí ibẹ̀ lè mọ́ kíákíá fún ìpàdé ńlá kan, láìsọ fún àwọn tí ó ni béèdì tí ó kángun síbẹ̀. Ewédú ìlà kan rọ, wọ́n sì ní láti da gbogbo rẹ̀ nù. Nígbà tí mo béèrè orúkọ oògùn náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò rí ike rẹ̀ mọ́. Àjọ NAFDAC ti fòfin de oògùn tí ń jẹ́ paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 nítorí pé májèlé tí ó le ni, síbẹ̀ ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tí ó fọ́n kò lè búra pé òun kò lo irú rẹ̀. Nínú ọgbà tí a ti ń ká ẹ̀fọ́ fún aláàwẹ̀ láti fi ṣínu, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé irú ike bẹ́ẹ̀ wọlé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá tí ó jẹ́ olórí ọgbà. Ó yẹ kí wọ́n kọ èyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin àgọ́.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, mo gba ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn ilẹ̀ ní ìmọ̀ràn pé kí ó lọ. Oṣù kẹfà àti oṣù keje ni ọgbà náà máa ń kún jù, tí èmí sì ń pọ́n, àmọ́ bí ẹ bá lè ṣiṣẹ́, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n nílò yín. Ẹ mú bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ dání. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ta wọ́n lọ́rẹ, ẹ ra ọkọ́, ike ìbomirin tàbí táyà bárò, kí ẹ sì fà á lé àwọn olùtọ́jú ọgbà lọ́wọ́ fúnra yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ ewúro sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò nílò láti ra ọmọ rẹ̀, nítorí wọn yóò gé igi rẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó rì í mọ́lẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ojú rẹ̀ méjì ó kéré tán wà nínú ilẹ̀. Kí ẹ dé kí ó tó di aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ sì béèrè olórí ọgbà ní ẹnu ọ̀nà, nítorí ọ́fíìsì àgọ́ kì í ṣí ní ọjọ́ náà.